Igi irú kan, ọdún kan: bí a ṣe lè mú ọmọ mọ ilẹ̀, omi àti ẹ̀dá àdúgbò rẹ̀ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Nínú oṣù kejì ọdún, tí ọyẹ́ bá ti ń palẹ̀ mọ́, ẹ gbójú sókè wo igi irú tó bá wà nítòsí yín. Púpọ̀ nínú ewé rẹ̀ á ti wọ́ dànù. Ohun tí ẹ máa rí lára ẹ̀ka rẹ̀ ni òdòdó pupa roboto tó ń fì dirodiro lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan fi okùn so bọ́ọ̀lù kéékèèké síbẹ̀. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan ló bi mí lábẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ lọ́nà Ìdófìàn pé, "Àǹtí, ta ló gbé wọn kọ́ síbẹ̀?" Mi ò dá a lóhùn. Mo ní kó padà wá ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú bàbá rẹ̀.

Wọ́n kírun Mágàríbì tán, àwọn méjèèjì dé. Kò pẹ́ tí àdán fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ òdòdó, tí wọ́n ń lá omi dídùn inú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ń lẹ̀ mọ́ àdán nírun, ó ń gbé e láti orí igi kan dé òmíràn, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí igi irú so. Bàbá ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Òkúta la máa ń sọ lù wọ́n nígbà tí a wà lọ́mọdé." Ọmọ rẹ̀ wò ó lójú, ó ní, "Ẹ̀yin náà sì ń jẹ irú, bàbá mi."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ni padà. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé bí ibi tí mo ń kó àwọn ọmọ lọ bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ̀ wọn á ṣe pọ̀ tó. Ohun tí mo gbà gbọ́ báyìí ni pé igi kan ṣoṣo tí ọmọ bá ń bẹ̀ wò fún ọdún kan gbáko á kọ́ ọ ju ìrìn àjò mẹ́wàá lọ. Olùkọ́ àti òbí ni mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti olórí ẹgbẹ́ ọmọdé ní ilé kéwú tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá ṣáà lè kó ọmọ mẹ́fà sí méjìlá jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Owó díẹ̀ ló máa ná yín. Ohun tó le níbẹ̀ ni kí ẹ máa padà síbì kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ wà

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ìlọrin wà. Koríko ibẹ̀ ga, igi ibẹ̀ jìnnà síra, òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ló kù. Irú, ẹmi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, àti ọ̀sè wà lára àwọn igi tó ni ilẹ̀ yìí. Bí ẹ bá gba Ajàṣẹ́-Ìpo kọjá sí Òmù-Àrán àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù, ẹ ó rí i pé igi ń súnmọ́ra, ọ̀pẹ ń pọ̀ sí i, ìrókò sì ń yọjú. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ọ̀dàn lápá ibẹ̀, igbó ni tẹ́lẹ̀. Oko tí a dá ládàátúndá àti iná tí a ń sọ sí ìgbẹ́ lọ́dọọdún ló sọ ọ́ di ọ̀dàn. Létí odò nìkan ni igbó ti ṣẹ́kù ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, iná kì í rí i jẹ dáadáa. Ọmọ tó bá dúró létí irú odò bẹ́ẹ̀ lè rin ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, kó sì ti inú igbó bọ́ sínú ọ̀dàn. Ẹ jẹ́ kó rìn ín, kó sì sọ ohun tó yí padà: ooru, ohùn ẹyẹ, bí ilẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kó ọmọ mẹ́tàlélógójì sínú bọ́ọ̀sì, ó di etí odò Asà. A gbé ìrẹsì lọ, a gbé omi tútù lọ. Ariwo wa lé gbogbo ẹyẹ tó wà níbẹ̀ lọ. Nígbà tí a padà dé, mo ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí sórí ìwé, ọ̀pọ̀ wọn sì ya bọ́ọ̀sì tí a wọ̀. Ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé èmi ni mi ò fún wọn láyè láti rí nǹkan kan.

Ibi tí ẹ máa yàn kò gbọ̀dọ̀ ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń péjọ. Kí igi àgbà kan wà níbẹ̀. Kí koríko tí ẹnikẹ́ni kì í ro wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju ìwọ̀n yàrá kan lọ. Bí omi bá wà nítòsí, ó dára sí i. Igi irú ni mo fẹ́ràn jù nítorí pé gbogbo ilé ló mọ irú, ìtàn rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàárín ìlú níbi tí ilé ti fún mọ́ra lè lo dongóyárò inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, tàbí igi ọdán tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ta ayò.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin dára. Omi Òwu tó ń já látorí àpáta ní Ọwá-Kájọlà jẹ́ ohun tí ojú kì í gbàgbé. Ẹ fi irú ibi bẹ́ẹ̀ sí ìparí ọdún, nígbà tí ojú àwọn ọmọ bá ti mọ bí a ṣe ń wo nǹkan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé

Kò sí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀. Bí ẹ bá wà ní Ìlọrin, ẹ wá mọ́gàjí ilé tó ni ilẹ̀ tàbí alángùá àdúgbò lọ. Bí ẹ bá wà ní gúúsù Kwara, ẹ rí baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ sọ iye ọmọ, ẹ sọ ọjọ́. Ẹ béèrè bóyá ibì kankan wà tí a kì í dé. Igbó orò tàbí igbó òrìṣà tí wọ́n bá fi hàn yín, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ dúró lókèèrè kí àwọn ọmọ ka igi àgbà tí wọ́n lè rí láti ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, irú igbó bẹ́ẹ̀ ló kù tí igi rẹ̀ dàgbà jù, torí pé èèwọ̀ ni gígé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn, ẹ̀sìn yòówù kí ẹni tó ń kọ́ni máa ṣe.

Bí gáà Fúlàní bá wà nítòsí, ẹ lọ kí wọn. Èmi kò tíì rí ẹni tó mọ koríko bí àwọn darandaran ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú. Àwọn ajínigbé ti da ọ̀pọ̀ ìgbèríko láàmú ní gúúsù Kwara. Kí ẹ tó kọjá ẹ̀yìn ìlú, ẹ bi àwọn fijilanté àti ọlọ́dẹ àdúgbò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ. Igi inú ọgbà á ṣe é. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù wọn sórí ìwé kan tó máa wà lọ́wọ́ àgbàlagbà méjì. Àgbàlagbà kan sí ọmọ mẹ́fà ni mo máa ń lò, n kì í ré e kọjá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ohun èlò

Ìwé ìkọ̀wé kan àti pẹ́ńsù kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí bíró kì í kọ̀wé dáadáa bí ìwé bá tutù. Téèpù àwọn aránṣọ. Okùn tó gùn ní mítà 4. Agolo mílíìkì tí ẹ ti gé lókè nísàlẹ̀, pẹ̀lú etí rẹ̀ tí ẹ ti tẹ̀ kó má baà gé ọwọ́. Asẹ́, abọ́ funfun, ìgò aláìláwọ̀ méjì. Awò tó ń mú nǹkan tóbi, bí ẹ bá rí. Bí kò bá sí, kámẹ́rà fóònù á ṣe é. Omi mímu, fèrè, ọṣẹ, bàńdéèjì. Kí gbogbo ọmọ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n sì wọ ṣòkòtò gígùn.

Kí ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ ejò kí ẹ tó jáde. Wọn kò gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ ihò tàbí gbé òkúta láìfi igi ṣí i. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni ṣán, kí ó má rìn mọ́. Ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má fi ẹnu fa á. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Gbàrà tí ẹ bá dé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ibi jókòó, kó jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ márùn-ún. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí fóònù, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n máa fi àmì sórí ìwé fún ohun kọ̀ọ̀kan tí etí wọn bá gbọ́: níbi tó ti wá, bóyá ó jìnnà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń le, wọn á máa rẹ́rìn-ín síra wọn. Nígbà tó bá tó ìṣẹ́jú méje, alángbá á ti jáde, ọ̀kẹ́rẹ́ lè gorí ẹ̀ka, ẹyẹ á gbàgbé pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí láé, kódà lọ́jọ́ tí àkókò bá kéré. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ rí ṣe lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ ti parí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwé ìtàn igi náà

Níbí ni iṣẹ́ ti dùn jù. Kí àwọn ọmọ ṣí ìwé kan sílẹ̀ tó jẹ́ ti igi náà nìkan, kí ọjọ́ àti aago wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wọn ìbú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi téèpù yí i ká ní ibi tó ga tó mítà 1.3 sí ilẹ̀, níwọ̀n àyà àgbàlagbà. Bí àyíká rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 220, ẹ pín in sí 3.14, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70. Fún gíga rẹ̀, kí ọmọ kan na ọwọ́ rẹ̀ síwájú gbọọrọ, kó di ọ̀pá kan mú ní ìnàró, kí gígùn ọ̀pá tó yọ lókè ọwọ́ rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín ojú rẹ̀ àti ọwọ́ náà. Kó máa fi ẹ̀yìn rìn títí orí ọ̀pá á fi bá orí igi mu, tí ìsàlẹ̀ ọ̀pá á bá ìdí igi mu. Ibi tó dúró sí jìnnà sí igi tó bí igi náà ṣe ga. Àwọn ọmọ tí ìṣirò ń sú nínú kíláàsì ti bá mi jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú, inú mi sì dùn.

Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà dé, ìbéèrè kan náà ni: ewé ńkọ́? Òdòdó ńkọ́? Èso ńkọ́? Ta ló wà lórí rẹ̀? Igi irú máa ń tan òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé rẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èso rẹ̀ gbọọrọ á gbó, tí wọ́n á máa ká a nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun ofeefee tó wà nínú èso náà dùn, àwọn ọmọ á lá a. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lá a, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka iye kóró tó wà nínú èso kan kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Ẹmi tirẹ̀ á máa já bọ́ láti nǹkan bí oṣù karùn-ún dé oṣù kẹjọ.

Ìrọ̀lẹ́ kan nígbà òdòdó, ẹ ka àdán. Kí àwọn òbí wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, kí ẹ ka iye tó dé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má tan iná sí wọn lójú, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ kan àdán, òkú tàbí alààyè, torí pé wọ́n lè kó àrùn ran ènìyàn, títí kan dìgbòlugi.

Ẹ ránṣẹ́ pe àgbà kan wá sábẹ́ igi yìí ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìyá tó ń ṣe irú tà mọ ohun tí ìwé kò mọ̀: igi tí kóró rẹ̀ máa ń tóbi, ọdún tí èso wọ́n, iye wákàtí tó fi ń sè é kí èèpo tó bọ́. Kí àwọn ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ orúkọ náà. Irúgbá ni ẹlòmíràn á pè é, igbá lásán ni ẹlòmíràn á pè é. Ohun tí ará Ọ̀ffà pe ewé kan lè yàtọ̀ sí ohun tí ará Òró-Àgọ́ pè é. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìlú ẹni tó sọ ọ́, ẹ má sọ pé ọ̀kan ló tọ̀nà. Orúkọ tí ọmọ kò gbọ́ lẹ́nu àgbà lónìí lè máà sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún un lọ́la, ẹ̀rù èyí ló sì ń bà mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ 6: Okùn mítà 4 àti ilẹ̀ tó ń mu omi

Ẹ fi okùn náà ṣe onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1, ọ̀kan lábẹ́ igi, ọ̀kan ní gbangba. Kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀, kí wọ́n ka oríṣi ewéko tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò nílò láti mọ orúkọ wọn. "Ewé tó ní irun", "ewé tó ń rùn bí wọ́n bá fún un" ti tó. Wọn á rí ìmí-eṣú, gbégi àti pátánmọ́ tó ń pa ojú dé bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ó ṣeé ṣe kí ewé Akíntọ́lá wà níbẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àti pé ibi tí a bá ti tú ilẹ̀ ká ni ó ti ń gbilẹ̀, tí á sì fún àwọn ewé tó ti wà níbẹ̀ pa. Síbẹ̀, a ń fi ewé rẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ dá lójú ọgbẹ́. Ọmọ lè gba òtítọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ agolo náà wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ da ife omi kan sínú rẹ̀, ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí ilẹ̀ fi mu ún tán. Ẹ ṣe ohun kan náà lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lábẹ́ igi tiwa, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Lójú ọ̀nà, a dúró títí, omi ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí ewé gbígbẹ bá bò, ikán àti ekòló ti lu ilẹ̀ ibẹ̀ ní ihò kéékèèké, òjò ń rí ọ̀nà wọlé lọ bá kànga. Ibi tó bá le bí òkúta, omi á ṣàn lọ, á wọ ilé onílé. Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ kò ní láti wàásù púpọ̀ nípa ìdí tí kò fi yẹ kí a máa fi símẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá.

Bí òkìtì ikán bá wà nítòsí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó o. Kí wọ́n wo koríko ìdí rẹ̀, kí wọ́n fi wé ti ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 7: Odò

Odò Asà la Ìlọrin já, láti gúúsù lọ sí àríwá. Dáàmù tí wọ́n ṣe sórí rẹ̀ wà lára ibi tí ìlú ti ń rí omi ẹ̀rọ, odò náà sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ títí omi rẹ̀ á fi dé Odò Ọya. Ọ̀rá tí ọmọ bá jù sí gọ́tà lẹ́yìn ilé rẹ̀ á wọ odò kékeré, odò kékeré á gbé e fún Asà, Asà á gbé e fún Ọya. Ẹ mú wọn tẹ̀lé gọ́tà kan láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ títí dé ibi tó ti já sómi, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá rí.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ inú omi. Àtọ̀sí ajá, ìyẹn àrùn tó ń mú ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀, ń gba ara ìgbín omi kéékèèké jáde, ó sì ń gba awọ ara wọ inú ènìyàn tó bá tẹ omi náà. Àgbàlagbà tó wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kó fi asẹ́ gbọn ìdí koríko etí omi, kó sì da ohun tó bá rí sínú abọ́ funfun tí omi díẹ̀ wà. Kí àwọn ọmọ wò ó láìfi ọwọ́ kàn án. Kí gbogbo yín fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ohun tó wà nínú abọ́ á sọ bí omi náà ṣe rí. Bí kòkòrò pẹlẹbẹ onírù mẹ́ta bá wà níbẹ̀, tó ń rọ̀ mọ́ òkúta, omi náà ṣì ní ìlera. Ọmọ lámilámi tún jẹ́ ohun ayọ̀: inú omi ló ti ń dàgbà kó tó hu ìyẹ́, tanwíjí tó ń di ẹ̀fọn sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ẹ rí, ìdọ̀tí ti pọ̀ nínú omi náà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti kéré. Ẹ pọn omi sínú ìgò méjì, ọ̀kan láti òkè ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú oòrùn. Ẹ da àwọn kòkòrò padà síbi tí ẹ ti bù wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹyẹ

Ààrọ̀ kùtù ni, láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lékeléke, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lẹ́yìn màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ìgbà tó dín kù nígbà òjò. Lẹ́yìn náà ni àdàbà, ẹ̀gà tó ń já ewé ọ̀pẹ fi hun ilé, àṣá, àparò inú koríko. Áàpù kan tó ń jẹ́ Merlin Bird ID wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń bá ni dá ẹyẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ èrò tiwọn kí wọ́n tó bi í. Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ wọn wúlò fún àwọn onímọ̀, Nigeria Bird Atlas Project pín gbogbo orílẹ̀-èdè yìí sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní gígùn àti ní ìbú. Ẹni tó bá fi wákàtí méjì ó kéré tán kọ gbogbo ẹyẹ tó rí sílẹ̀ lè fi ránṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ tó wà ní Jọ́ọ̀sì, APLORI, wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀.

Igún ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ bi àwọn òbí àgbà ibi tí igún máa ń bà sí nígbà èwe wọn: ibi ìpẹran, àkìtàn, orí ọ̀sè. Lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọ lọ wò ó bóyá wọ́n á rí ẹyọ kan. Lọ́dún 2015 ni IUCN, àjọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu káàkiri ayé, gbé igún tí a mọ̀ sílé yìí sí ìpele ewu tó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Májèlé ń pa wọ́n, wọ́n sì ń pa wọ́n tà fún oògùn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Bí ẹ bá rí ìtẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ibi tó wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọwọ́ wá kan ilẹ̀

Ní gbogbo ọ̀nà tó jáde kúrò ní Ìlọrin ni ẹ ti máa rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹmi wà lára igi tó ń bá a lọ, igi tó lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so dáadáa. Inú ń bí mi tí mo bá rí i, ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ọmọ láti kórìíra ẹni tó ń sun èédú, torí ebi ló ń lé púpọ̀ wọn dé ìdí rẹ̀. Mo ń kọ́ wọn láti gbin nǹkan.

Irú rọrùn. Ẹ ra kóró rẹ̀ ní gbígbẹ lọ́jà, èyí tí wọn kò tíì sè. Nínú oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹ se omi, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ da kóró sínú rẹ̀, kí ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èèpo rẹ̀ le. Láìṣe bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á kọ̀ láti hù. Ẹ fi ìṣó dá ihò sí ìdí ọ̀rá píọ́wọ́tà, ẹ pò ilẹ̀ dúdú, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà àti iyanrìn díẹ̀ pọ̀ sínú rẹ̀, ẹ gbin kóró méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ó rí i. Kí ó wà lábẹ́ ibòji, kí wọ́n máa bomi rin ín láràárọ̀.

Ẹmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí kóró rẹ̀ bá gbẹ, agbára rẹ̀ ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí èso bá já bọ́ ni kí ẹ ti gbìn ín síbi tó máa wà títí, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìnnà sísàlẹ̀ kí ewé tó yọ. Èyí tó tún dára ju gbígbìn lọ ni kí ẹ bá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀, kí ó dá èyí tó hù fúnra rẹ̀ lóko sí. Kí àwọn ọmọ fi aṣọ pupa so ó, kí ọkọ́ má baà gé e.

Nígbà tí òjò bá ti dúró dáadáa, nínú oṣù kẹfà tàbí keje, ẹ gbé irú yín lọ sílẹ̀, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà 10. Ẹ fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí i ká, torí ewúrẹ́ kò ní fojú fò ó. Kí ọmọ méjì ni igi kan, kí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Nínú oṣù kọkànlá, kí koríko tó gbẹ tán, ẹ ro ilẹ̀ mọ́ yí i ká ní mítà kan sí méjì, kí iná ọ̀dàn má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí kí omi tí ẹ bá bù sí i lè pẹ́ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí ewé náà má kọjá inú ibi tí ẹ ro. Èyí tó bá kú, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó pa á. Nínú mẹ́rìnlélógún tí a kọ́kọ́ gbìn, mọ́kànlá ló yè. Ewúrẹ́ jẹ mẹ́sàn-án, iná jẹ mẹ́rin. Lọ́dún kejì, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ní kí a fi ẹ̀gún kún ọgbà náà, a sì pàdánù mẹ́ta péré.

Nígbà tí oṣù kejì ọdún bá tún dé, ẹ padà sábẹ́ igi àgbà náà lọ ka àdán. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró síbi tó dúró sí lọ́dún tó kọjá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn bá ṣe wọ̀, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́.